Ta Ni Yóò Fi Ilé Sílẹ̀? Ìtàn Àṣẹ Ìdáàbòbò fún Ẹni Tí Wọ́n Ń Lù Nínú Ilé

Àṣẹ ìdáàbòbò ni ìwé tí adájọ́ fọwọ́ sí láti kìlọ̀ fún ẹni tí ó ń lu ìyàwó, ọkọ, òbí, ọmọ tàbí ẹbí rẹ̀, tàbí tí ó ń fi ọ̀nà mìíràn pọ́n wọn lójú, pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n mọ́, kò gbọdọ̀ halẹ̀ mọ́ wọn, kò sì gbọdọ̀ dé ibi tí wọ́n ń gbé tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àti pé bí ó bá kọ etí ikún sí ìkìlọ̀ náà, ọlọ́pàá yóò mú un, kóòtù yóò sì fìyà jẹ ẹ́. Ọdún 2007 ni irú àṣẹ yìí wọ inú òfin ìpínlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ìyọnu tí ó wá kojú ti wà ṣáájú kóòtù àti ṣáájú ìjọba amúnisìn, àwọn Yorùbá sì ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń gbà kojú rẹ̀. Bí ènìyàn bá to àwọn ọ̀nà náà jọ láti ayé àtijọ́ títí di òní, yóò rí i pé ìbéèrè kan ni gbogbo wọn ń dáhùn: nígbà tí ilé kò bá tòrò mọ́ nítorí pé ẹnì kan ń lu ẹnì kejì, ta ni yóò fi ilé sílẹ̀? Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí wọ́n lù ni ìdáhùn náà máa ń já lé lórí, òun ni yóò di ẹrù, òun ni yóò sá. Ohun tuntun tí àṣẹ ìdáàbòbò mú wá ni pé ó fún kóòtù lágbára láti sọ fún ẹni tí ó ń lù pé òun ni kí ó jáde.

Ilé bàbá gẹ́gẹ́ bí ibi ìsádi

Nínú àwùjọ Yorùbá àtijọ́, ìdílé méjì ni ìgbéyàwó máa ń so pọ̀. Alárinà ti ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín wọn, àwọn àgbà ilé méjèèjì ti jókòó, ìdílé ọkọ sì ti san ìdána, èyíinì ni owó àti ẹrù tí wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó. Nítorí náà, bí ọkọ bá na ìyàwó rẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn pọ̀. Òótọ́ ni pé àṣà fàyè gba ìbáwí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ọkọ lè fi ọwọ́ tọ́ ìyàwó sọ́nà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà máa ń ṣọ́ àṣejù. Inú agbo ilé ni tọkọtaya ń gbé, níbi tí yàrá púpọ̀ ti dojú kọ àgbàlá kan náà, igbe kò sì lè pa mọ́ níbẹ̀: ìyá ọkọ yóò gbọ́, àwọn ìyálé yóò gbọ́, baálé, tí í ṣe olórí agbo ilé, yóò sì pe ọkùnrin náà láti bá a wí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ baálé kò bá tu irun kan lára ọkọ, obìnrin a kó ẹrù rẹ̀, a gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Dálémosú ni wọ́n ń pe obìnrin tí ó kúrò nílé ọkọ tí ó sì padà wá ń gbé láàárín àwọn ẹbí rẹ̀ báyìí. Orúkọ náà kò dùn létí, síbẹ̀ ibi ìsádi ni ó ń tọ́ka sí. Ọkọ kò lè dédé wọlé wá gbé ọwọ́ sókè sí i lójú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí ó padà, òun àti àwọn àgbà ilé rẹ̀ ni yóò wá bẹ̀bẹ̀, wọn yóò jókòó gbọ́ ẹ̀sùn, wọn yóò sì jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ẹlẹ́rìí pé irú rẹ̀ kò ní wáyé mọ́. Ohun mẹ́ta tí àṣẹ ìdáàbòbò òde òní dúró lé lórí ti wà nínú ètò yìí: jíjìnnà sí ẹni tí ń lù, ìkìlọ̀ tí ó ní ẹlẹ́rìí, àti ìyà tí ń dúró de ẹni tí ó bá yẹ àdéhùn, nítorí pé àwọn àna tí ẹ̀jẹ́ ti já lẹ́ẹ̀kan lè kọ̀ láti dá ọmọ wọn padà nígbà kejì.

Àmọ́ ààbò yìí ní ààlà, ààlà náà sì le fún àwọn obìnrin kan ju àwọn mìíràn lọ. Ète gbogbo ìjókòó àwọn àgbà ni kí ìyàwó padà sí ilé ọkọ, wọn a sì fi òwe pé eyín àti ahọ́n pàápàá máa ń jà tù ú nínú, bí ẹni pé ìjà ọgbọọgba ni ó wà láàárín ẹni tí ń lù àti ẹni tí wọ́n ń lù. Obìnrin tí òbí rẹ̀ ti kú, tí ìdílé rẹ̀ kò rí já jẹ, tàbí tí ìlú rẹ̀ jìnnà, kò ní ẹni tí yóò dúró fún un. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́ tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ó ní obìnrin lè béèrè fún un nítorí ìwà ìkà tí ó kọjá ààlà tí ẹlẹ́rìí sì wà fún, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà fún un títí gbogbo ọ̀nà ìlàjà yóò fi tán. Òwe tí ó so mọ́ ọ̀rọ̀ náà ni pé a kì í ṣú opó alààyè, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìyàwó ọkùnrin tí ó ṣì wà láàyè ṣe aya. Ẹni tí ó sá kúrò lọ́wọ́ ìyà lè rí ibi sùn, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun.

Kóòtù tí ó ṣí ọ̀nà àbájáde

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin ìgbéyàwó tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kalẹ̀ ní Èkó ní 1884, òfin náà sì fi ìgbéyàwó ọlọ́kọ-kan-aláya-kan lélẹ̀ fún àwọn tí ó bá yàn án. Ní 1893, àwọn ìlú bí Abẹ́òkúta, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn bá ìjọba náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, aṣojú ìjọba sì wá jókòó sí Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi mọ̀ pé ibòmíràn wà tí àwọn lè gbé ẹjọ́ lọ yàtọ̀ sí ọ̀dọ̀ baálé àti ìjòyè. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ran ìrìn àjò lọ́wọ́. Obìnrin tí ọkọ ń lù lè bá ara rẹ̀ ní ìlú mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn, àwọn ọkọ àti àwọn ìjòyè ráhùn pé kóòtù ń tú ilé ká, nítorí pé ẹjọ́ àwọn ìyàwó tí ó fẹ́ kọ ọkọ di ẹjọ́ tí ó gbòde. Nígbà tí onímọ̀ nípa àwùjọ, N. A. Fadipe, parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá ní London ní 1939, ìyàtọ̀ láàárín ìkọ̀sílẹ̀ tí ó ṣọ̀wọ́n látijọ́ àti èyí tí ó wọ́pọ̀ lábẹ́ kóòtù ìjọba jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó fi yé àwọn òǹkàwé rẹ̀.

Àwọn kóòtù náà, tí a mọ̀ sí kóòtù ìbílẹ̀, níbi tí àwọn ìjòyè ti ń dájọ́ ní ìbámu pẹ̀lú àṣà ìlú, tí akódà sì ń lọ pe olùjẹ́jọ́ wá, fún obìnrin ní ohun ńlá kan: ọ̀nà láti jáde kúrò nínú ìgbéyàwó bí ọkọ kò tilẹ̀ fẹ́. Ìdápadà ìdána ni owó ibodè ọ̀nà náà. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti ná owó náà tán gbọ́dọ̀ wá a níbòmíràn, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́wọ́ ọkùnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ, tí ó fi jẹ́ pé kí ó tó bọ́ lábẹ́ òrùlé ọkọ kan, ó ti jẹ òmíràn ní gbèsè. Kóòtù kò sì ní ohun púpọ̀ láti ṣe nípa àkókò tí ó wà láàárín ọjọ́ tí obìnrin pe ẹjọ́ àti ọjọ́ tí ìdájọ́ dé, bẹ́ẹ̀ àkókò náà gan-an ni ìbínú ọkọ máa ń ru jù. Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ṣe òfin kóòtù ìbílẹ̀ tuntun ní 1957, ó sì fi ìlànà ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ lélẹ̀ ní 1958 kí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ lè mú un lò, ṣùgbọ́n títú ìgbéyàwó ká àti ẹni tí ọmọ yóò bá gbé ni wọ́n kọjú sí jù. Nígbà tí ó yá, àwọn kóòtù ìbílẹ̀, irú bí ti Mápó ní Ìbàdàn tí ìwé ìròyìn máa ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ jáde, bẹ̀rẹ̀ sí fi kún ìdájọ́ wọn pé olùjẹ́jọ́ kò gbọdọ̀ lọ da olùpẹjọ́ láàmú mọ́. Síbẹ̀, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dé lẹ́yìn tí ìgbéyàwó ti tú.

Òfin ìwà ọ̀daràn náà kò fi bẹ́ẹ̀ kó obìnrin yọ. Òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1916, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gúúsù, ka lílu ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀ láìyọ ọkọ sílẹ̀. Àmọ́ òfin kan náà sọ pé ìbálòpọ̀ tí ọkọ bá fi tipátipá ní pẹ̀lú ìyàwó kò sí lára ìfipábánilòpọ̀, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá kọlu obìnrin pẹ̀lú ìwà àìbọ̀wọ̀ fún ara, nígbà tí ó fi ọdún 3 lélẹ̀ bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n kọlù. Májísíréètì, tí í ṣe adájọ́ kóòtù kékeré, lè mú kí oníjà buwọ́ lùwé ìlérí àlàáfíà, ìyẹn ni pé kò ní dá wàhálà sílẹ̀ fún àkókò kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò san owó; ìlànà yìí ti inú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1361 wá, kò sì sí ohun tí ó sún mọ́ àṣẹ ìdáàbòbò jù ú lọ nígbà náà. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, èsì tí obìnrin sábà ń gbà ni pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kí wọ́n lọ yanjú rẹ̀ nílé. Òfin ìgbéyàwó ọdún 1970 gbà pé ọkọ tí kóòtù ti dá lẹ́bi pé ó ṣe ìyàwó rẹ̀ léṣe gidigidi ti fún un ní ìdí láti kọ̀ ọ́, àmọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ìpalára ńlá gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí obìnrin tó rí ìdí náà tọ́ka sí.

Ibi tí àṣẹ náà ti ṣẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òǹkọ̀wé Frances Power Cobbe kọ àròkọ kan ní 1878 láti tú àṣírí bí àwọn ọkọ ṣe ń dá ìyàwó lóró, ilé aṣòfin sì ṣe òfin ní ọdún náà tí ó jẹ́ kí kóòtù kékeré yọ̀ǹda fún obìnrin tí kóòtù ti dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi ìkọlù burúkú láti máa dá gbé, kí ọkọ sì máa fún un ní owó ìtọ́jú. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìgbésẹ̀ ńlá mìíràn tó dé. Ní 1971, Erin Pizzey ṣí ilé ìsádi fún àwọn obìnrin ní Chiswick ní London, iye àwọn tí ó ya wọ ibẹ̀ sì fi han ìjọba pé ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ ju ohun tí ilé kan lè gbà lọ. Òfin ọdún 1976 wá fún kóòtù agbègbè lágbára láti kìlọ̀ fún ẹni tí ń lù, láti lé e kúrò nílé, àti láti so agbára ìmúni mọ́ àṣẹ náà. Ní 1978, ẹjọ́ obìnrin kan láti Hackney, tí ó ti sá lọ sí ilé ìsádi, dé ilé ẹjọ́ àwọn Lọ́ọ̀dù, tí í ṣe kóòtù tí ó ga jù níbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n dájọ́ pé kóòtù lè lé ọkùnrin oníjà kúrò bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ wà lórí ìwé ilé. Ìdájọ́ yìí gbé ẹ̀mí ènìyàn ga ju ẹ̀tọ́ sí ilé lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Pennsylvania ṣe òfin ìdáàbòbò tirẹ̀ ní 1976, èyí tí ó ya ọ̀rọ̀ ààbò kúrò lára ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn lè béèrè ààbò láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tú ìgbéyàwó ká. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù tẹ̀lé e, òfin àpapọ̀ ọdún 1994 sì sọ pé àṣẹ tí ìpínlẹ̀ kan bá fi lélẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Ní Áfíríkà, Gúúsù Áfíríkà ni ó fi àpẹẹrẹ tí ó kan Nàìjíríà jù lélẹ̀: ó ṣe òfin kan ní 1993, ó sì fi èyí tí ó gbòòrò ju ìyẹn lọ rọ́pò rẹ̀ ní 1998, nínú èyí tí àṣẹ onígbà díẹ̀ àti ìwé àṣẹ ìmúni ti jọ ń rìn pọ̀. Ghana ṣe tirẹ̀ ní 2007.

Bí ó ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá

Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ obìnrin ní 1985, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ni ó sọ ìlérí orí ìwé náà di iṣẹ́. Josephine Effah-Chukwuma dá ẹgbẹ́ Project Alert sílẹ̀ ní Èkó ní 1999, ẹgbẹ́ náà sì ṣí ilé ìsádi tí wọ́n pè ní Sophia's Place ní 2001. Ọdún náà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ parapọ̀ láti máa ti àwọn aṣòfin kí wọ́n lè ṣe òfin lórí ìwà ipá sí obìnrin. Ní 2005, ẹgbẹ́ Amnesty International gbé ìròyìn jáde lórí ìwà ipá inú ìdílé ní Nàìjíríà, Èkó sì gba ipò pàtàkì nínú rẹ̀. Ìròyìn náà fi hàn pé ọlọ́pàá àti ẹbí a máa dá obìnrin padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó lù ú.

Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò lòdì sí ìwà ipá inú ilé ní 2007, nígbà tí Bọ́lá Tinubu ń parí sáà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gómìnà. Ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jọ ti Gúúsù Áfíríkà, àmọ́ ó ka àwọn ìyà tí àwọn ará Èkó mọ̀ dáadáa: yàtọ̀ sí lílù, ó dárúkọ fífi ebi pa ènìyàn, dída ásíìdì sí i lára, bíba dúkìá rẹ̀ jẹ́, sísọ ọ̀rọ̀ àbùkù, títọpasẹ̀ rẹ̀ kiri, àti fífi owó dù ú. Kò pa ààbò náà mọ́ fún ìyàwó tí ìgbéyàwó rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba nìkan. Ìyàwó ìbílẹ̀, àwọn tí ó jọ ń gbé láìṣe ìgbéyàwó, òbí, ọmọ àti ẹbí ni ó bo, ọkùnrin tí wọ́n ń lù sì lè lò ó.

Bí a ṣe ń gba àṣẹ náà rọrùn láti ṣàlàyé. Olùfisùn, ìyẹn ẹni tí ìyà ń jẹ, yóò kọ ìbéèrè sí kóòtù pẹ̀lú ìwé ìbúra, tí í ṣe àlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tí ó fi ìbúra gbè lẹ́sẹ̀. Ìwé dókítà, àwòrán egbò, tàbí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kejì fi ránṣẹ́ lórí fóònù lè bá a rìn. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, kóòtù lè gbọ́ ọ lẹ́yìn àkókò iṣẹ́. Bí adájọ́ bá rí i pé ẹ̀rí wà, tí ìdádúró yóò sì pa olùfisùn lára, yóò fún un ní àṣẹ onígbà díẹ̀ láìdúró de olùjẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi ìwé lé olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́, tí wọn yóò sì dá ọjọ́ fún un láti wá sọ tẹnu rẹ̀ kí àṣẹ náà tó di èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Adájọ́ lè ní kí olùjẹ́jọ́ má wọ ilé tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé, tàbí apá kan nínú rẹ̀, tàbí ibi iṣẹ́ olùfisùn. Ìbéèrè àtijọ́ gba èsì tuntun níbí, nítorí pé obìnrin lè wà nílé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kí ọkùnrin sì wá ibòmíràn sùn.

Èkìtì tẹ̀lé Èkó ní 2011 nígbà tí gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí fọwọ́ sí òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá nítorí pé ènìyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀, Bísí Adélẹ́yẹ-Fáyẹmí, kó ipa tí ó hàn gbangba nínú rẹ̀. Wọ́n sì tún òfin náà ṣe ní 2019. Ní oṣù Karùn-ún 2015, ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin àpapọ̀ tí ó de ìwà ipá sí ènìyàn, lẹ́yìn ìjàkadì tí ó gba ju ọdún mẹ́wàá lọ nílé aṣòfin. Òfin náà fi ẹ̀wọ̀n tí ó tó ọdún 3, owó ìtanràn tí ó tó 200,000 náírà, tàbí méjèèjì, lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀; ó sọ lílé ọkọ tàbí aya jáde nílé di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá dúró láyè ara rẹ̀; ó pàṣẹ fún ọlọ́pàá láti ran ẹni tí wọ́n lù lọ́wọ́ dé ibi ààbò tàbí ilé ìwòsàn; ó sì ní kí àṣẹ ìdáàbòbò rẹ̀ múlẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, agbègbè olú ìlú ní Àbújá nìkan ni òfin náà fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti ṣe tirẹ̀. Ògùn ṣe é ní 2017, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Oǹdó náà sì dara pọ̀ nígbà tí ìsémọ́lé ọdún 2020 ti mú kí igbe àwọn tí wọ́n há mọ́lé pẹ̀lú ẹni tí ń lù wọ́n ròkè. Ní Èkó, ìjọba ti gbé ikọ̀ kan dìde ní 2014 tí ó so dókítà, ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú pọ̀. Ní 2021, òfin sọ ikọ̀ náà di àjọ ìjọba tí kò ní tú ká bí gómìnà bá yí padà.

Ohun tí ó kù fún ẹbí láti ṣe

Àṣẹ orí ìwé nílò ọwọ́ tí yóò mú un ṣẹ. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera àti ìdílé ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí obìnrin 31 nínú 100 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni wọ́n ti lù rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15, àti pé ó lé ní ìdajì àwọn tí irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ tí kò wá ìrànlọ́wọ́ rí, tí wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó sọ̀rọ̀, ẹbí wọn ni wọ́n sábà ń bá lọ ṣáájú; àwọn tí ó tọ ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò lọ kéré níye. Lára ohun tí ó ń dí wọn lọ́wọ́ ni òwe pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, èyí tí àwọn kan fi ń kìlọ̀ fún obìnrin pé bí ó bá pe ọkọ lẹ́jọ́, ìgbéyàwó rẹ̀ ti parí nìyẹn. Àṣẹ ìdáàbòbò kò bá òwe náà jà, nítorí pé kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni kọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ohun tí ó béèrè ni pé kí lílù dáwọ́ dúró.

Ó hàn nínú ìtàn yìí pé ẹbí ṣì ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, bí ó ti rí ní ayé Johnson, àti pé ohun tí ẹbí bá ṣe nígbà tí ọmọ wọn bá kan ilẹ̀kùn náà ni ó sábà ń sọ bóyá òfin yóò wúlò fún un. Òfin Èkó mọ èyí, ó sì gbà pé ẹlòmíràn tí ire olùfisùn jẹ lógún, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹgbẹ́ tàbí ẹbí, lè gbé ìbéèrè lọ sí kóòtù ní orúkọ rẹ̀ bí ó bá fọwọ́ sí i ní kíkọ, àní láìfọwọ́ sí i bí ó bá jẹ́ ọmọdé tàbí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ojúṣe tí àwọn àgbà ní látijọ́, láti jókòó, láti gbọ́ ẹ̀sùn, àti láti dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ti wá ní agbára òfin lẹ́yìn. Bàbá tí ó bá ọmọ rẹ̀ lọ sí kóòtù, ẹ̀gbọ́n tí ó kọ orúkọ sí ìwé ìbúra pé òun rí egbò náà, àti ìyá ọkọ tí ó sọ òtítọ́ níwájú adájọ́, àwọn ni wọ́n ń ṣe ohun tí àṣà fẹ́ kí àwọn àna máa ṣe, láìdá obìnrin padà sínú ewu nítorí orúkọ ìdílé.